Adéníkẹ́ Catherine Àyànbọ́lá (1964–2025): Ìyá Tí Kò Pa Orúkọ Ara Rẹ̀ Rẹ́

Ìkòsí ni a bí Olóògbé Adéníkẹ́ Catherine Àyànbọ́lá sí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1964. Bàbá wọn ni Olóògbé Joseph Àtàndá, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòsí, tí ó bá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba fa ṣéènì nínú igbó tí ó ti di ilé àti títì lónìí. Ìyá wọn ni Olóògbé Àrìnkẹ́ Àtàndá, aránṣọ ní Kétu, tí àwọn òbí tirẹ̀ wá láti Ajégúnlẹ̀ létí odò. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Màmá wa, Adéníkẹ́, ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Pa Àtàndá kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń ní kí Màmá ka nọ́ńbà inú ìwé ìwọnlẹ̀ sókè. Bí ó bá ṣì í kà, wọ́n á ní kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Màmá máa ń sọ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù nọ́ńbà ti kúrò lára àwọn.

Wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòsí láti ọdún 1970, wọ́n sì parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Kétu ní ọdún 1981. Ọdún méjì ni wọ́n fi jókòó ti ìyá wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí wọ́n tó rí ààyè wọ Yunifásítì Èkó láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Obìnrin márùn-ún péré ni ó wà ní kíláàsì wọn. Wọ́n gboyè ní ọdún 1987, wọ́n sì fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá wọn ní Mínà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé Àyànbọ́lá, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti pàdé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni Bàbá ń kọ, wọ́n sì máa ń ṣi orin kọ. Màmá ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ fún wọn. Kétu ni wọ́n gbé fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó kó lọ sí Mende. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí ìgbéyàwó náà: Jayé, Tiwa àti Adétáyé.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọdún 1988. Ogún ọdún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń ro ìfẹ̀yìntì, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Gbàgádà tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ ìwọ̀n ọmọ sínú ètò náà, yóò sọ iye oògùn tí ó tọ́ fún un.

Ẹni mẹ́fà ni ó ń kọ ètò náà nígbà yẹn. Fúláàṣì ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn. Fáìlì kan yóò máa jẹ́ “ìkẹyìn”, èkejì yóò máa jẹ́ “ìkẹyìn gan-an”, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn. Ní ọdún 2011, ẹnì kan fi ti àtijọ́ bo ti tuntun mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì lọ. Màmá lọ kọ́ Git fúnra wọn. Ètò tí ń pa gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ mọ́ ni Git: ohun tí a yí padà, ẹni tí ó yí i padà, ọjọ́ àti ìdí. Wọ́n gbé e ka orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ sínú tirẹ̀. Àwọn méjì kò kọ ọ́, fún oṣù kan gbáko ni iṣẹ́ wọn sì ń wọlé láìní orúkọ, àfi ìgbà tí Màmá jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi tún un ṣe.

Ìjà kò tán síbẹ̀. Bí ẹni méjì bá yí ìlà kan náà padà, Git yóò kọ̀, yóò ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Àwọn kan pariwo pé ẹ̀rọ ti jẹ iṣẹ́ àwọn. Màmá kì í bá wọn yàn. Wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì fa àga wá, kí wọ́n ka ìlà náà sí ara wọn létí. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan fi agídí ti iṣẹ́ tirẹ̀ wọlé, ó sì gbá ti àwọn yòókù dànù. Gbogbo ọ́fíìsì dìde dúró. Màmá rán wọn létí pé odidi ìtàn iṣẹ́ náà ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà olúkúlùkù. Ti Roheemat, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ni wọ́n fi dá gbogbo rẹ̀ padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Òwe tí wọ́n máa ń pa fún wọn ni pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Lórí ohun tí ó kàn, ẹbí kò tètè fẹnu kò. Jayé, àkọ́bí wọn, ní kò yẹ kí a kọ àṣìṣe òkú sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Bàbá ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní Màmá ti sọ ọ́ lórí àìsàn pé bí a óò bá kọ ìtàn àwọn, kí a má fo ọdún 2018.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Aliyah pè láti ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kétu. Ó ní ọmọ jòjòló kan wà níwájú òun tí kò ju kílò mẹ́ta lọ, ètò náà sì ní kí òun fún un ní ìlọ́po méjì oògùn tí òun mọ̀. Kò fún un. Ó fọwọ́ ṣírò rẹ̀, ó sì gbé fóònù.

Ọ̀gá Bámi, olùdarí ilé-iṣẹ́ náà, bèèrè ẹni tí ó fọwọ́ kan abala oògùn kẹ́yìn. Roheemat ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ni ó ṣí ojú ewé tuntun fún àwọn ọmọ jòjòló. Ó ní òun kò yí ìṣirò kankan padà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bámi ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Màmá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn láti wá ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé.

Ẹ̀dà ètò náà ti oṣù Kẹta dára. Ti oṣù Kẹwàá kò dára. Àtúnṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá ni ó wà láàárín wọn. Màmá kò kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí Git gbé àwọn lọ sí agbedeméjì, wọ́n fi ìwọ̀n ọmọ Kétu yẹn dán ìṣirò ibẹ̀ wò. Ó dára, nítorí náà inú ìdajì tí ó kẹ́yìn ni àṣìṣe wà. Wọ́n tún pín ìdajì yẹn sí méjì, wọ́n dán an wò, wọ́n tún pín in. Nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ni ó wọlé. Ìdí tí a kọ síbẹ̀ ni pé a tún ìṣirò oògùn ọmọ jòjòló kọ kí ó lè yára. Orúkọ tí ó wà níbẹ̀ ni Adéníkẹ́ Àyànbọ́lá.

Wọ́n ti sọ iye náà di ìlọ́po méjì láìrántí pé ibòmíràn nínú ètò náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni àṣìṣe náà fi sùn síbẹ̀, torí kò sí ojú ewé tí ń lò ó, títí Roheemat fi ṣí tirẹ̀.

Màmá nìkan ni ó wà nínú yàrá náà. Ọwọ́ wọn ni àṣẹ ibi ìpamọ́ iṣẹ́ náà wà. Wọ́n lè tún ìtàn rẹ̀ kọ, ìwọ̀nba ni ẹni tí yóò fura. Wọ́n jẹ́wọ́ fún Bàbá lẹ́yìn náà pé èrò yẹn wá, kò sì tètè lọ. Wọ́n rántí pé àwọn ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, pé gbogbo ọ́fíìsì ń pe àwọn ní Mummy. Wọ́n tún rí Roheemat láti ojú gíláàsì, tí ó ń di ife tíì rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Wọ́n pe gbogbo wọn wọlé, wọ́n sì yí kọ̀ǹpútà náà sí wọn.

“Orúkọ mi lẹ̀ ń wò yẹn,” ni Màmá wí. “Èmi ni mo kọ ọ́. Roheemat kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Ọ̀gá Bámi sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Mummy, ẹ lè ti pa á rẹ́.”

“Mo lè pa á rẹ́,” ni èsì wọn. “Tí mo bá pa á rẹ́ lónìí, ìlà wo lẹ máa gbà gbọ́ lọ́la?”

Wọ́n tún ìṣirò náà ṣe ní gbangba, wọ́n jẹ́ kí àṣìṣe wà níbi tí ó wà, kí àtúnṣe sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé ìwòsàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ń lo ètò náà. Ní ọ̀kan nínú wọn, ọmọ jòjòló obìnrin kan tí ń jẹ́ Ìlérí ti gba oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ ẹni tí ó jẹ̀bi fún un. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, obìnrin náà kẹ̀yìn sí wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ọmọ náà lé wọn lọ́wọ́ kí òun lè lọ wẹ̀. Ara ọmọ náà yá, ó sì ti wà nílé-ẹ̀kọ́ báyìí.

Màmá fúnra wọn kúrò ní ipò olórí àwọn tí ń kọ ètò náà. Òfin kan ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀: pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á, tiwọn náà pẹ̀lú. Roheemat ni wọ́n yàn láti máa ka tiwọn. Ó dá iṣẹ́ wọn padà nígbà púpọ̀, Màmá á sì tún un ṣe láìjiyàn. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2022.

Nínú ìjọ wọn ní Ìkòsí, àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí omi máa ń wọ ilé ní òjò, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ń tọ́jú orúkọ àwọn arúgbó tí a gbọ́dọ̀ lọ gbé jáde, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bára mu. Ní ọdún 2020, orúkọ Bàbá Súmbọ̀, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, já bọ́ nínú ìwé kan. Orí tábìlì ni a ti rí wọn, omi ti dé orúnkún. Màmá pa ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí ojú kan tí gbogbo wọn lè rí, tí ó sì ń fi ẹni tí ó yọ orúkọ hàn. Wọ́n ń lò ó títí di ìsinsìnyí.

Àìsàn dé ní ọdún 2024. Màmá kò fi í bò. Wọ́n kọ́ Bàbá bí a ṣe ń san iná lórí fóònù, wọ́n pín aṣọ wọn, wọ́n sì bá Tiwa parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan tí àwọn méjèèjì kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ní kí Adétáyé ṣí fèrèsé. Wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná dé ìdajì, wọ́n ní ó dùn, wọ́n sì sùn. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n.

Màmá fi ọkọ sáyé lọ, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé Àyànbọ́lá, àwọn ọmọ, Jayé, Tiwa àti Adétáyé, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àbúrò kan, àti ọ̀pọ̀ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́.

Adéníkẹ́, ọmọ Àtàndá, ọmọ onílẹ̀ Ìkòsí, ilẹ̀ tí bàbá yín wọ̀n ló gbà yín yìí. Kí ó fẹ̀ fún yín. Kí àlàáfíà jẹ́ ìrọ̀rí yín, kí Olúwa tí ó mọ gbogbo ọ̀nà yín fi ayọ̀ pàdé yín. Ẹ sùn ire, Màmá. Iṣẹ́ ti parí.