Iṣu Ló Bí Wọn

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ago-Amodu

Mo jàre ọ̀gá wa lónìí!

Lọ́dún tó kọjá tí ìbímọ dínkù nílé ìgbẹ̀bí wa, ó ní ẹnu mi tó mú bí abẹ ló lé àwọn aboyún lọ. Èmi! Mo ní, "Ọ̀gá, iṣu ni kò ta. Bàbá wo ló máa so yìgì ọmọ rẹ̀ nígbà tí àká ṣófo? Ẹ jẹ́ kí iṣu ta ná." Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Iṣu ta. Wọ́n so yìgì títí tó fi sú lèmọ́mù.

Lónìí, obìnrin mẹ́rin ti bímọ kí wọ́n tó kírun Alásárì. Àga tí ọ̀gá jókòó lé ni mo gbà fún ẹnì karùn-ún. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, inú mi ń dùn jù ú lọ.

Nígbà tí ọ̀gá ń lọ, ó rọra bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, iṣu tọdún yìí ńkọ́?"