Korobá Tí Kò Rí Akàn Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ti dé Port Nankivell. Ọkọ̀ ńlá mẹ́sàn-án ló wà ní pápá. Wọ́n ń wá ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù tiwa, tí a máa ń fọwọ́ mú, ní ipele gíga rí, tí yóò kọ́ òṣèré méjì bí wọ́n ṣe ń fò mú bọ́ọ̀lù láìṣẹ́ lọ́rùn. Ta ló tún kù nílùú yìí bí kò ṣe èmi Jory Trewin? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìlélógóje ni mo ti gbá, orúnkún kan ló kù, iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mò ń ṣe báyìí. Mo ti gbà kí n tó béèrè pé irú eré wo ni.

Eré ìfẹ́ ni. Agbábọ́ọ̀lù méjì, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń fẹ́ra wọn ní bòókẹ́lẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí tí tíì tí mò ń mu fi há mi lọ́fun. Mo pe Imú lórí fóònù. (Imú ni Dale Kestell nínú ìwé yìí. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ìgbọ̀nwọ́ mi ló fọ́ ọ nímú, níwájú èrò ọ̀kẹ́ méjì. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti ń fẹ́ra wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀.) Ó ní kí n sọ fún wọn pé mo ti kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà
Olú òṣèré wọn: Eyín Funfun. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn, kò kàn mí. Ó ń gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà bí ìkókó. Bọ́ọ̀lù tiwa rí bí ẹyin, ibi tó bá wù ú ló ń ta sí, ìgbàkígbà tó bá sì já bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí, á máa bẹ bọ́ọ̀lù náà. Ó rẹwà o. N kò fọ́jú.

Imú wá dúró létí ọgbà pápá, ó káwọ́ mọ́yà. Òun ni kóòṣì ẹgbẹ́ ìlú wa, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì gbà láti ṣe èrò ìwòran nínú eré náà. Ó béèrè bóyá ṣòkòtò tó kúrú báyẹn ni Eyín Funfun yóò máa wọ̀ títí tí eré fi máa parí. Mo ní ṣòkòtò eré ni. Ó ní òun náà rí i.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà
Eyín Funfun fi ètè mú bọ́ọ̀lù. Ẹ̀jẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà
Nerida, ọmọbìnrin tó kọ eré náà, gbé ojú-ìwé kan wá kí n kà á. Àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ń fẹnu kora lábẹ́ omi ìwẹ̀ ní yàrá ìmúra, orin ń dún lábẹ́lẹ̀. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Ọkùnrin méjìlélógún ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan ń kọrin burúkú, ọ̀kan ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, òórùn ìpara àti òógùn á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Omi náà máa ń tutù bíi yìnyín. Ta ló fẹ́ fẹnu ko ẹnikẹ́ni?

Ó ní, "Níbo ni wọ́n á wá ti máa ríra, Bọ̀dá Jory?"

Ẹnu mi jáde kí ọpọlọ mi tó wọ bàtà. Mo ní bóyá ọ̀kan nínú wọn á máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, kí àwọn aládùúgbò lè rò pé akàn ni wọ́n jọ ń lọ mú létíkun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Ó wò mí. Mo wo ojú ọ̀run.

Bí Imú ṣe ń wọlé mi nìyẹn láti ọdún mẹ́fà. Korobá búlúù. Akàn kan ṣoṣo kò wọ inú rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà
Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. N kò tíì sọ fún Imú.

Màmá Pascoe, ìyá arúgbó tí ọgbà nìkan ló wà láàárín ilé wa, tún béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo lòun máa jẹ nínú akàn wa. Mo ní òkun ò dára lọ́dún yìí. Ó ní ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà
Ó ti bàjẹ́.

Wọ́n pín ojú-ìwé tuntun fún gbogbo wa lówùúrọ̀. Ojú-ìwé kọkànlélọ́gọ́ta: ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, korobá akàn lọ́wọ́. Hocking, balógun ẹgbẹ́ Imú, kà á sókè, ó ní kóòṣì àwọn mà rèé. Ẹ̀fẹ̀ lásán ló ń ṣe. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Imú náà rẹ́rìn-ín, eyín lásán, ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín rárá. Ìyẹn ló já mi láyà.

Ní ọ̀sán Imú wá sílé mi. Kò jókòó.

"Ìwọ lo sọ fún wọn."

Mo ní n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Jory, ìlú yìí ò ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Mélòó nínú wọn ló ń gbé korobá kiri?"

Ó ní mo ti tú àṣírí ilé wa síta. Ó ní bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá mọ̀, iṣẹ́ kóòṣì ti tán, ìyẹn nìkan ṣoṣo sì lohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe. Òótọ́ ni. Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀ mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ akàn."

Ó jáde lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà
Kò pè. Èmi náà ò pè. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí o.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà
Mo bẹ Nerida pé kó yọ ojú-ìwé náà. Kò béèrè ìdí. Ó fà á ya níwájú mi, ó ní ọkùnrin náà á máa fa ajá dípò korobá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni."

Màmá Pascoe dúró dè mí létí ọgbà. Ó ní Dale ò wá mọ́, ṣé a jà ni? Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé òkun tí kò dára. Ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ra bẹ́ẹ̀dì ńlá yẹn. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ń fi akàn yọ mí lẹ́nu láti ọdún mẹ́fà, Màmá?

Ó ní, "Mo fẹ́ràn akàn ni."

Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà
Lónìí ni wọ́n ya ibi tí wọ́n ti fẹnu kora. Àárín pápá, òtútù ń jáni bí ajá. Eyín Funfun, tó níyàwó tó bímọ méjì, dúró nínú ṣòkòtò péńpé rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ra, Hocking pariwo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń bú irú wa láti àárín èrò. N kò ní kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ ní gbogbo yàrá ìmúra láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, tí èmi náà máa ń bá wọn sọ, kí wọ́n má baà fura. Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Imú dìde. Mo rò pé yóò bú Hocking. Dípò bẹ́ẹ̀ ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga ìwòran, ó fún Eyín Funfun ní jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹfà
Imú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ní yàrá ìmúra ti bàjẹ́, kí n gbé irinṣẹ́ mi wá ní aago márùn-ún. Mo dé ibẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ẹ̀rọ náà. Gbogbo ẹgbẹ́ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ó sọ fún wọn pé, "Ọ̀rọ̀ tí Hocking sọ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ló sọ ọ́ sí. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mí. Jory yìí ni mò ń fẹ́, ọdún mọ́kànlá nìyí."

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Hocking gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ẹnì kan tẹ̀ lé e. Mo rò pé gbogbo wọn ló máa lọ. Wendell, tó ń ta ẹran ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, wá nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Kóòṣì, ṣé a ṣì máa sáré yí pápá ká ni?"

"Ìgbà mẹ́wàá."

"Márùn-ún la máa ń sáré."

"Mo mọ̀."

Wọ́n kùn. Wọ́n ní ìkà ni. Wọ́n so okùn bàtà wọn, wọ́n sì jáde sínú òjò, òun náà tẹ̀ lé wọn. Èmi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, mò ń sunkún bí òmùgọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹfà
Aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Imú wà nílé ìdáná mi, ó ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fóònù rẹ̀ ń dún lórí tábìlì: akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, àwọn tó gbà á síṣẹ́ kóòṣì. Ó dákẹ́, ó tún dún. Mo bi í bóyá kò ní gbé e. Ó ní òun máa gbé e tí òun bá jẹun tán.

Ó ti wà lórí búrẹ́dì kẹrin báyìí.