Obìnrin Oníràkúnmí Tó Tọpa Táyà Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí mo ń lọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, nítorí lórí ìdúró ni èmi náà wà tí mo fi ń kọ ọ́. Bí ẹ bá rí i pé ó gùn, ẹ má fòyà. Ọpẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi pé ọkọ̀ wa rì sínú iyanrìn ní aṣálẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ òun gan-an kò gbọ́ tán. Páìpù omi ni mo kó, èmi àti mẹkáníìkì wa tí gbogbo gáréèjì ń pè ní Má-kánjú. Atẹ́gùn gbá iyanrìn bo ojú ọ̀nà, mo sì rò pé mo mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Kí a tó ṣẹ́jú, táyà ẹ̀yìn ti wọlẹ̀ dé ìdajì. A gbẹ́ ẹ, a tì í, a fi pákó sí i lábẹ́. Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń rì sí i. Fóònù kò gbé ohùn kankan.

Kẹ́ẹ̀gì omi tí a gbọ́kàn lé ti jò láìjẹ́ pé a mọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìdajì ìgò kan ló kù. Má-kánjú ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́ nínú oòrùn yẹn. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ní, “Bí o bá lọ, ta ni n ó máa bá jà?” A fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè wa kò jẹ́. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja, ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́ ọkọ̀ la sá oòrùn sí, orúkọ yín ni mo sì ń pè níbẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ẹnìkan fi kí wa. Obìnrin kan tó jù yín lọ lọ́jọ́ orí ni, ó fa ràkúnmí méjì lẹ́yìn. Ó bu omi fún wa díẹ̀díẹ̀, ó ní, “Ẹ rọra mu ún, kò ní sá lọ.” Ó tún fún wàrà ràkúnmí sínú abọ́ fún wa. Má-kánjú, tí ọ̀rọ̀ omi ti wọ̀ lórí, wá bi í pé, “Ìyá, ṣé a ò lè lu ihò sí iké ẹ̀yìn ràkúnmí yẹn, ká fa omi inú rẹ̀?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ọrùn ẹran náà mú. Ó ní, “Ọ̀rá ló wà níbẹ̀, kì í ṣe omi. Oúnjẹ rẹ̀ ló dì sẹ́yìn yẹn. Bí ebi bá pa á pẹ́, iké á rọ̀ bí àpò òfìfo.” Bí a bá ń sunkún, à máa ríran lóòótọ́!

Kí a tó gbéra, atẹ́gùn tún dé. Àwọn ràkúnmí kúnlẹ̀, wọ́n pa ihò imú dé bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀, irun ìpéǹpéjú wọn sì gùn débi pé iyanrìn kò rójú wọn wọ̀. A fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ó fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin náà gbé wa gùn wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ń tẹ́ pẹrẹsẹ bó bá ti kanlẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ mi fi táyà mẹ́wàá rì sí, ẹran yìí fi ẹsẹ̀ mẹ́rin kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta a dé ìdí kànga. Obìnrin náà ní ọjọ́ kẹjọ rèé tí àwọn ràkúnmí náà ti mu omi kẹ́yìn, igi ẹlẹ́gùn-ún lásán ni wọ́n ń jẹ. Èmi ni mo ń fa omi. Garawa mẹ́jọ ni ọ̀kan ṣoṣo mu, lẹ́sẹ̀ kan náà! Apá fẹ́ já lára mi.

Níbẹ̀ ni mo ti bi í bó ṣe mọ̀ pé a wà nínú ewu. Ó ní òun rí ipa táyà tó yà kúrò lọ́nà, tí kò sì padà. “Ọkọ mi náà yà báyìí lọ́dún kan. Àwọn èèyàn rí ipa rẹ̀, oníkálukú rò pé ẹlòmíràn á tọ̀ ọ́ lọ. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè rí ipa tó yà kí n má tọ̀ ọ́.” Mo bọ́ aago ọwọ́ mi fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó bi mí pé, “Ta ló ń retí rẹ?” Mo dárúkọ ìyàwó mi, mo dárúkọ yín. Ó ní, “Kọ̀wé sí wọn. Èmi retí títí, ìwé kankan ò dé.” Kò béèrè nǹkan mìíràn títí ó fi mú wa dé ìlú.

Mo ti kọ ti ìyàwó mi, ó kan tiyín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí èmi lè parí tèmi. Ohun tó dùn mí jù lábẹ́ ọkọ̀ yẹn ni pé mi ò tíì fẹnu mi dúpẹ́ rẹ̀ rí. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jèrè gbogbo wa pẹ́ títí, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín má ṣìnà, bó bá sì ṣìnà, kó rẹ́ni tọ̀ ọ́ lọ.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ fẹ̀yìn pọ̀n.

Mo gbàgbé kan: ìjókòó orí ràkúnmí ti ba ìdí mi jẹ́ o. Bí mo bá délé tí mò ń rìn bíi pépẹ́yẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àwọn ọmọ wá wò mí.