Ojú Tí Màmá Altona Yá Lò

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹwàá 2018. Gesundbrunnen, àdúgbò mi.

Màmá Altona pè láti Hamburg. Àbúrò ìyá ìyá mi ni, Oyèníkẹ́ lórúkọ rẹ̀. Àdúgbò tó ń gbé ni mo fi ń pè é nínú ìwé yìí. Ọmọge ni nígbà tó bá ọkọ rẹ̀, atukọ̀, dé Jámánì. Ó máa ń sọ pé òun kọrin fún àwọn òṣèré òyìnbó tí ohùn wọn ò dára: wọ́n á la ẹnu nínú fíìmù, ohùn òun ni aráyé á gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà, ti ọdún 1959, ni ilé sinimá kan ládùúgbò rẹ̀ fẹ́ tún gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú. "Lọ bá wọn sọ ọ́, Ìbílọlá. Kí wọ́n dárúkọ mi lójú mi. Àbí ó dìgbà tí mo bá kú?"

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Ṣé mo gbà á gbọ́? Ìyẹn lọ́tọ̀.

Ọjọ́rú, 10

Mo wo fíìmù náà lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ẹni tó rán aṣọ wà níbẹ̀. Ti ẹni tó tọ́jú ẹṣin wà níbẹ̀. Ti Màmá — kò sí.

Ohùn tó ń jáde lẹ́nu òṣèrébìnrin inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà mí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí mo ti kà nípa sinimá tó sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú wà nínú ọ̀fun obìnrin yìí. Àmọ́ ta ló kọ àwọn ìwé náà?

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo pe Frau Lindner, olùdarí ilé sinimá náà. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́: òun ò lè dárúkọ ẹni tí kò ní ẹ̀rí. Mo jíṣẹ́. Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí? Ṣé ọ̀fun mi ti sá kúrò lọ́rùn mi ni? Kó pa ohùn fíìmù náà, kó jẹ́ kí àwòrán máa lọ. Òṣèré yẹn, tó bá kọrin fúnra rẹ̀, ewúrẹ́ ló máa gberin."

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Bí ohùn bá há mọ́ Màmá lọ́fun ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13. Hamburg.

Frau Lindner gbà pé kí Màmá wá dán an wò. Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, mo bi Màmá bóyá kò dùn ún pé ẹlòmíì gba ìyìn ohùn rẹ̀. "Kí ló fẹ́ dùn mí? Èmi ni mo wọ ẹnu rẹ̀, òun kọ́ ló wọ tèmi."

Gbọ̀ngàn ṣófo. Àwòrán nìkan, kò sí ohùn. Màmá ò wo ètè òṣèré náà. Ọ̀fun rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó ní ẹni tó bá dúró de ètè ti pẹ́ jù. Ó gbé orin. Ohùn náà ti wálẹ̀, ó ti nípọn, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣáájú ẹnu, kò sí èyí tó kẹ́yìn.

Òṣèré náà wá kọ̀yìn sí wa. Kò sí ẹnu, kò sí ọ̀fun. Mo di ìjókòó mú. Èjìká ni Màmá ń wò: ó gòkè, Màmá mí; ó sọ̀ kalẹ̀, orin wọlé. Nígbà tí obìnrin náà yíjú padà, ẹnu rẹ̀ àti ohùn Màmá pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Frau Lindner tan iná gbọ̀ngàn. Ó wá béèrè ohun tí òun máa sọ lọ́la: ṣé "ohùn òṣèré náà" ni? Màmá ní rárá o. "Sọ pé Oyèníkẹ́ ló kọrin. Ojú tirẹ̀ ni mo yá lò."

Ọjọ́ Àìkú, 14

Frau Lindner sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí Màmá ṣe wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin dé, tí òṣèré náà la ẹnu, mo wẹ̀yìn: gbogbo gbọ̀ngàn ti yíjú sí ìjókòó wa.

Màmá nìkan ló ń wo fíìmù.