Òkúta Etí Ẹja Poa

Shukhen ọmọ mi,

Ṣé o jí ire, ṣé iṣẹ́ ń jẹ́ kí o sinmi, ṣé òrùlé yàrá tí ìwọ àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ jọ ń sùn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jò? Kí Ìyá Ganga, òrìṣà odò wa, má jẹ́ kí omi gbé ọ, títí kan ibi tí kò sí omi. Ara bàbá rẹ le, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ.

Àlejò kan ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mithila lorúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ nípa ẹja odò wa. Ojú máa ń tì í, kì í sọ̀rọ̀ àfi tí a bá bi í. Lọ́jọ́ tó dé, mo se orí ẹja poa ńlá fún un, irú èyí tí mo máa ń fi pamọ́ dè ọ́. Jogomaya, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, yọjú wo àwo, ó ní, "Ìyàwó wa, o gbé orí ẹja fún ọmọge, o ò sì sọ fún wa pé Shukhen ti gbéyàwó." Ojú ti ọmọ náà bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi tú u, ó yọ òkúta funfun méjì níbi etí ẹja, ó nù wọ́n, ó dì wọ́n sínú bébà. Inú bí mi, àṣé iṣẹ́ tó bá wá nìyẹn.

Ó gé òkúta náà pẹlẹbẹ, ó ní kí n wò ó nínú awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ọmọ mi, òrùka wà nínú òrùka bí ìdí igi tí wọ́n gé! Ó ní òrùka kan ni ọdún kan, ọdún tí ẹja bá rí jẹ, òrùka á fẹ̀. Ọdún tí ebi bá pa á, òrùka á fún. Bhubon àbúrò bàbá rẹ ní irọ́ ni, pé ẹja ńlá ni ẹ̀gbọ́n ẹja kékeré níbi gbogbo. Mithila rọra ka òrùka fi hàn án pé ẹja kékeré tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló dàgbà jù, ebi ni kò jẹ́ kó ga. Bhubon, tí kò ju èjìká bàbá rẹ lọ, ní òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá òun tipẹ́. Orí Mithila pé gan-an.

Lánàá, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó lọ dúró létí odò, ó ní, "Màmá, mò ń jẹun yó dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ wà níwájú mi, bí mo ṣe bù ú náà ló wà. Ohùn tí ìwọ náà fi ń sọ fún mi pé o yó gan-an ló fi sọ ọ́. Shukhen, ohùn inú fóònù kì í rù, ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn.

Jọ̀wọ́, lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, kí ó ya òkúta etí rẹ ní fọ́tò, kí o fi ránṣẹ́ kí Mithila kà á fún mi. Ó ní ti èèyàn kò ṣeé kà. Mo mọ̀ pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ni, kò fẹ́ kí n rí ọdún tí ìjì gbé àwọ̀n wa lọ, tí o mu omi ìrẹsì sùn. Mo mọ òrùka yẹn. Ti ọdún yìí ni mò ń wá.

Ibi tí mo ti máa ń tọrọ owó nínú lẹ́tà la dé yìí. Àwọ̀n bàbá rẹ ti ya, ṣùgbọ́n má fi nǹkan kan ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra ẹja, kí o sì jẹ orí rẹ̀. Mithila jẹ oúnjẹ òní tán. Èmi ni mo jókòó tì í. Ta ló máa jókòó tì ọ́?

Kí òrùka ọdún yìí fẹ̀ nínú etí rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Shoilobala