Nọ́ńbà Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Igbemo-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì.

Olúyẹ́misí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ yín ní Adó kò ní tòògbé. Àwa náà wà láàyè, àfi orúnkún mi tó ń ro mí nítorí òjò, àti ewúrẹ́ tó ti jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi tán.

Fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì yín ní Adébáyọ̀ pín káàkiri Adó, pé ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé, ọsibítù àti ọlọ́pàá fẹ́ para pọ̀ kí ọkọ kankan má lu ìyàwó rẹ̀ mọ́, ó dé ọwọ́ mi. Àbúrò rẹ Dùnmínínú ló mú un wá láti ilé wọn ní Òkè-Ìlá, ní Adó níbẹ̀, lọ́jọ́ tí Adérẹ̀mí ọkọ rẹ̀ gbá a tí ojú rẹ̀ fi wú. Ojú tó wú kò jẹ́ kó ríwèé kà, èmi ni mo bá a kọ ọ́. Ìwé yẹn mà tọpinpin o, bí alárinà! Ó ní ta ni kí àwọn máa pè tí kò ní kó Dùnmínínú sí wàhálà. Ta ló tún yẹ bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ ẹ? A kì í gba ẹ̀yìn baálé bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kọ Adérẹ̀mí, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n ní kí ló jẹ́ sí i, mo kọ olórí ẹbí. Mo di iṣu fún ọmọ, mo ní kó ní sùúrù, mo mú un padà lọ fún ọkọ rẹ̀ bí mo ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti pè é o. Adérẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ẹ ṣé gan-an màmá, pé obìnrin ọ́fíìsì kan bi òun bóyá ọkọ Dùnmínínú ò tún lù ú mọ́. Ohùn rẹ̀ tutù. Olúyẹ́misí, ó tutù jù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pe Dùnmínínú, obìnrin kan ló ń gbé e. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi pe ọmọ mi, òyìnbó ló ń sọ ṣáá. Kí ló ń fi fóònù ọmọ mi ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò pè ọ́, torí fóònù tó tú àṣírí wa fún Adérẹ̀mí lè tún tú èyí náà. Bàbá Pamílẹ́rìn onímọ́tò ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Bí o bá kà á tán, má jókòó. Mú ọlọ́pàá dání, kí o kọjá sí Òkè-Ìlá. Mi ò tọrọ owó oṣù yìí, èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, fi gbé àbúrò rẹ wá sílé. Mo ti gbá yàrá rẹ̀. Kí o sì pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kọ tèmi. Bí wọ́n bá ní kí ni mo jẹ́ sí i, sọ pé ìyá tó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta ni, tí kò tún ní dá a padà mọ́.

Ọlọ́run á ṣáájú rẹ dé ibẹ̀. O ò ní pẹ́ jù.

Èmi ni,
Ìyá yín.