Tábìlì Tí Kò Dúró

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lẹ wà, torí èmi ni mo gba àlàáfíà yín. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja láti oṣù mẹ́rin tẹ́ ẹ ti kú. Bí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ẹ rántí ẹ̀rọ tó ń gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì nílé iṣẹ́ wa n'Íkẹjà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbogbo ara rẹ̀, búrẹ́dì Agége lọ́wọ́ kan, sípánà lọ́wọ́ kejì. Mótò ń yí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ń yí gíà, gíà á wá rọra máa yí irin gígùn tó ní eyín bíi ti síkúrù. Irin yẹn ló ń ti tábìlì tí fóòmù wà lórí rẹ̀ lọ sídìí abẹ, tó tún ń fà á padà. Súwìṣì kékeré kan wà nípẹ̀kun. Tí tábìlì bá ti gbá a báyìí, iná á kú, gbogbo ẹ̀ á dúró. Bí kò bá sí i, ẹ̀rọ ò mọ ògiri yàtọ̀ sí ènìyàn.

Ayé Sáàpù tí ìjọba já náírà wálẹ̀ ni súwìṣì yẹn wá bàjẹ́, nígbà tí nǹkan òkè òkun ti wọ́n bí ojú. Máníjà fẹ́ ká fi wáyà so iná pọ̀, ká fo súwìṣì dá, kí iṣẹ́ ṣáà máa lọ. Ẹ kọ̀ jálẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà tì. Ọkùnrin lẹ, Bàámi. Èmi, ojo ni mí.

Ẹ lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n yín l'Ógbómọ̀ṣọ́, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé èèyàn mẹ́tàlá lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó jẹ́ kó yé mi pé èmi ló kàn bí mi ò bá ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ jẹun, mo so wáyà náà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tẹ́ ẹ dé, mo purọ́ fún yín pé mo ti fi súwìṣì tuntun sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ iṣẹ́ gbogbo èèyàn wò lẹ́ẹ̀mejì, tẹ́ ẹ ò gba òyìnbó pàápàá gbọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ò yẹ tèmi wò? Ẹ kàn gbá mi léjìká, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ bọ́ sáàárín tábìlì àti ògiri, ẹ dẹtí sí ìró irin bí ìṣe yín. Tábìlì ń bọ̀, ẹ ò tiẹ̀ wò ó, torí ẹ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo pariwo, Bàámi. Mótò bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Máníjà gbé àpò ìrẹsì wá sílé, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kẹ̀! Súwìṣì tí wọn ò rí rà nígbà tẹ́ ẹ ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n rà á kí erùpẹ̀ sàárè yín tó gbẹ. Ipò yín ni wọ́n sì fi mí sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ fún Màámi pé ẹnìkan ló so wáyà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni, àfi máníjà, òun náà sì gbé ẹnu dákẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbá lójoojúmọ́, Màámi á tẹ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á máa ṣépè fún ẹni náà, tòun tọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń jókòó sí. Èmi ni mo ń ṣe àmín.

Èmi ọmọ yín ni, tó fẹ́ràn yín, tí kò lójú tó lè fi wo sàárè yín.